Ṣé Orí Méjì Ló Ní Ni?

Lọ́jọ́ tí wọ́n gba ìsinmi táàmù kẹta, ọmọ ọmọ mi wọ mọ́tò láti Ọ̀yọ́ wá bá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ kú ilé." Mo ní kó wá jẹun, ó ní òun ò jẹ. Ọmọ tó jẹ́ pé kì í tíì bọ́ bàtà tán tó fi ń ṣí ìkòkò! Ìyá rẹ̀ ló ṣàlàyé fún mi lórí fóònù. Ipò kejì ló gbé. Láti JSS1, òun nìkan ló ń gbé ipò kìíní ní kíláàsì wọn, àfi lọ́tẹ̀ yìí tí ọmọbìnrin kan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá ní, "Mo bi í léèrè, ṣé orí méjì ni ọmọ yẹn ní ni?" Ó wù mí kí n bá a wí, ṣùgbọ́n ẹnu èmi bàbá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọdé.

Mo ní kí ọmọ náà mú káàdì rẹ̀ wá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní ìṣirò, ibi tí wọ́n kọ ipò sí kọ́ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ káàdì kíkà. Iṣẹ́ 11 ni wọ́n ṣe. Ọmọbìnrin náà gba 893, tiwa gba 889. Máàkì 4 péré, nínú 1,100. A jọ wá ibi tí máàkì náà bọ́ sí, a sì rí i nínú Civic: kò kọ nóòtù rẹ̀ tán, tíṣà sì yọ máàkì 5. Ohun tó sọ kìíní di kejì nìyẹn, tí ọmọ ò fi jẹun.

Lórí káàdì yẹn kan náà, Físíìsì rẹ̀ jẹ́ 58. Ọmọ tó ní ẹnjiníà lòun fẹ́ ṣe! Mo béèrè ti táàmù kejì, tó gbé ipò kìíní. Ó ní 56 ni. Kò sẹ́ni tó bá a sọ ọ́ nígbà náà. Bíró pupa tí wọ́n fi kọ "1" sísàlẹ̀ káàdì ti bo gbogbo wa lójú. Ìyá rẹ̀ tilẹ̀ pa adìẹ.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wà ní sẹ́kọ́ńdírì l'Ọ́yọ̀ọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ipò jẹ́ fún yín. Àwọn tí ẹ jọ jókòó ni wọ́n fi ń wọ̀n yín, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti kọ́ kíláàsì kan rí tí ẹni tó gbé ipò kìíní gba 54 ní ìpíndọ́gba, mo sì kọ́ òmíràn tí ọmọ tó gba 76 ṣe ipò kẹsàn-án. Bí a ò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ọmọ 54 jó wálé, ọmọ 76 sunkún wálé. Èwo nínú wọn lẹ rò pé ó mọ ìṣirò?

WAEC kì í béèrè pé ẹni kelòó lo jẹ́ ní kíláàsì. Bí gbogbo yín bá mọ iṣẹ́ náà, A1 wà fún gbogbo yín. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, F9 náà á kárí. Krédíìtì márùn-ún tí Yunifásítì ń béèrè, tí Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀, kò sí ọmọ tó lè gba tirẹ̀ kí ó tipa bẹ́ẹ̀ dín tìrẹ kù. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ é fò láì fara kanra. Ti JAMB ló yàtọ̀ díẹ̀, nítorí àyè tó wà kò tó èèyàn tó ń wá a. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ jọ ń du àyè ìmọ̀ ìṣègùn ní LAUTECH kò sí lórí bẹ́ǹṣì rẹ. Ó wà ní Ìlọrin, ó wà ní Abẹ́òkúta, ó ń fi alẹ́ yìí yanjú ìbéèrè tí ìwọ ò tíì gbọ́ rí. Ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ ló lè bá ọ wá ìdáhùn rẹ̀, ẹni yẹn gan-an lo sì ń fi nóòtù pamọ́ fún.

Mo mọ gbogbo rẹ̀. Mo mọ ọmọ tó kàwé mọ́jú tó wá ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Háà, mi ò tíì ṣí ìwé o, aago mẹ́jọ ni mo ti sùn." Mo mọ èyí tó máa ń tọ́ka ojú ewé tí kò kàn. Èmi náà ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́dún 1973, mo wà ní Fọ́ọ̀mù 4 ní ilé-ìwé kan tí a ń gbé inú rẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Èmi àti ọmọ kan tó wá láti abúlé lápá Ìsẹ́yìn la jọ ń gba ipò kìíní mọ́ra wa lọ́wọ́. Ìwé ìṣirò kan wà ní láíbìrì, ẹyọ kan ṣoṣo, tó ṣàlàyé tírígónómẹ́tírì débi tí òmùgọ̀ á fi gbọ́. Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì, mo mú un, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ mátíráàsì mi. Bí ọ̀rẹ́ mi bá ń wá a kiri, èmi náà á bá a wá a. Mo tilẹ̀ tẹ̀ lé e lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú láíbìrì. Bí wọ́n bá ti pa iná lálẹ́, màá ti ọwọ́ bọ abẹ́ mátíráàsì láti mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Mi ò kà á. Ẹ̀rù pé wọn á rí i lọ́wọ́ mi ò jẹ́ kí n ṣí i lẹ́ẹ̀mejì.

Mo gbé ipò kìíní. Wọ́n fún mi ní ìwé atúmọ̀ èdè kékeré kan, bàbá mi wọ agbádá wá wò mí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, a ṣe WASC, ìdánwò àṣejáde sẹ́kọ́ńdírì ayé ìgbà náà. Nígbà yẹn, Grade One, Grade Two àti Grade Three ni wọ́n ń pín in sí. Mo gba Grade One. Òun náà gba Grade One.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, níbi tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ti ń ṣe ìpàdé, mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo jẹ́wọ́. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ìwé wo?" Kò rántí ìwé, kò rántí ẹni tó gbé ipò kìíní lọ́dún náà. Ó ní ohun tí òun rántí nípa Fọ́ọ̀mù 4 ni ẹ̀wà oníkòkòrò tí wọ́n ń fún wa jẹ. Èmi tí mo jí ìwé ni mo ń ru ìwé láti ọjọ́ yìí wá.

Mi ò ní kí ẹ má díje o. Ẹ lọ wo àwọn àgbà nídìí ọpọ́n ayò ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́. Wọ́n á fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́ títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, ọ̀ta á máa fọ́nnu. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí ọ̀ta tó kó ọmọ ayò sápò kí ọ̀pẹ má baà rí i ta. Ọ̀pẹ tó bá sì fẹ́ di ọ̀ta, ẹ̀gbẹ́ ọ̀ta náà ló ń jókòó sí.

Àjàyí Crowther, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe Yunifásítì kan l'Ọ́yọ̀ọ́, ọmọ Òṣóògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821 ni. Nígbà tó dé Freetown, láàárín oṣù mẹ́fà ó ti mọ ìwé kà. Wọ́n wá fi í ṣe mọ́nítọ̀, pé kó máa kọ́ àwọn yòókù, wọ́n sì ń fún un ní owó táṣẹ́rẹ́ lóṣù. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn bàbá náà nìyẹn, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ipò bíṣọ́ọ̀bù tó dé ní 1864 lọ. Èmi gan-an, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ́ ẹlòmíì ní tírígónómẹ́tírì ni mo tó mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ìfẹ́ ipò lè gbé ọmọ dé kò kéré. Ní 2023, gbogbo Nàìjíríà ń kan sáárá sí ọmọ ilé-ìwé kan ní Anambra tó ní òun gba 362 nínú 400 ní JAMB. Àjọ náà ní 249 ló gbà. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ rẹ̀ gbé kalẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀, ó rí i pé ayédèrú ni 362 yẹn, ọmọ náà sì tọrọ àforíjì. Ohun tó ń dùn mí ni pé 249 kì í ṣe máàkì tó yẹ kí ọmọ fi pamọ́.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ti ipò 32 bọ́ sí 25, ẹ pa adìẹ fún òun náà. Mi ò tíì rí ilé tí wọ́n ti ṣe é.

Mo bi ọmọ ọmọ mi pé, ọmọbìnrin yẹn, mélòó ló gbà ní Físíìsì? Ó ní 84. Ìṣirò rẹ̀ ńkọ́? Ó ní 71. Tìrẹ? 90. Mo ní kó pè é. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́. "Bàbá, ṣé kí n wá máa bẹ̀ ẹ́ ni?" Mo ní ẹni tó ní ọjà lọ́wọ́ kì í bẹ̀bẹ̀, ṣe ni kí wọ́n jọ ṣe pàṣípààrọ̀. Mo na fóònù mi sí i. Ìpè àkọ́kọ́ ò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta, bí ẹni tó ń jí i sọ ni.

Ìyẹn ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Lánàá, mo gbọ́ tó ń pariwo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "Rárá o, ìwọ lo ṣì í, tún un yà!" Wọ́n ti jẹ dátà mi tán lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo yọjú sí kíṣìnì, ó fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, ó sì ń wá ẹran nínú ìkòkò.