Májèlé Ni, Kì í Ṣe Ẹ̀bùn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń di ẹrù Jámánì, ẹ dúró ná. Ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wá rò pé kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé Yúróòpù ti wà lápò yín. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ kan ń dè yín lọ́nà: Gift.

Lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀bùn ni. Lẹ́nu Jámánì, májèlé ni. Lẹ́tà mẹ́rin kan náà. Ẹ̀bùn tí ẹ mọ̀, Geschenk ni wọ́n ń pè é.

Ẹ má sọ pé ó jìnnà. Rattengift ni wọ́n ń pe oògùn eku. Ó lè wà nínú yàrá abẹ́ ilé tí ẹ̀yin àti aládùúgbò jọ ń lò. Ẹ ó ní fóònù yín ń túmọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kì í dúró de fóònù. Ọmọ tí ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ á kà á, inú rẹ̀ á dùn, á ṣí i. Lẹ́yìn náà, igbe. Lẹ́yìn igbe, áńbúláǹsì. Lẹ́yìn áńbúláǹsì, ìbéèrè dókítà tí ẹ kò ní lè dáhùn.

Ẹ má bú ará Jámánì. Nígbà kan rí, ohun tí a fún ènìyàn ni ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu tiwọn náà. Ó ṣì kù nínú Mitgift, ẹrù tí ìyàwó ń gbé lọ sílé ọkọ. Nígbà tó yá, ó di oògùn tí a wọ̀n fúnni mu. Láti ibẹ̀ ló ti di májèlé. Ṣé ó yà yín lẹ́nu? Àwa náà ńkọ́? "Wọ́n ti fún un ní nǹkan jẹ," la máa ń wí, ta ni kò mọ ohun tó jẹ?

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Swídìn, Dẹ́nmárkì àti Nọ́rwèy, ẹ̀yin náà kò bọ́. Níbẹ̀, gift ni májèlé, gift náà sì ni ẹni tó ti ṣègbéyàwó. Bí ọkùnrin bá ní òun jẹ́ gift, ìwọ ọmọbìnrin, má rẹ́rìn-ín sí i. Ìyàwó rẹ̀ wà nílé. Lẹ́nu àwọn Dutch, gift ṣì ni ẹ̀bùn. Yọ lẹ́tà ìkẹyìn, ó di gif: májèlé.

Ẹ kọ́ èdè ilẹ̀ tí ẹ ń lọ kí ẹ tó wọ bàálù. Bí ẹ kò bá lè kọ́ ọ tán, ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ kan yìí ṣáájú ìkíni. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní Jámánì bí ewu bá dé ni 112. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò ní gbọ́.