Ìpolówó Ọtí lórí Tẹlifíṣọ̀n: Ohun tí Òfin Faransé Sọ

Ní ilẹ̀ Faransé, wáìnì jẹ́ iṣẹ́ tí bàbá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Àìmọye abúlé ló ń ti ara ọgbà àjàrà jẹun. Síbẹ̀, bí ẹ bá jókòó ti tẹlifíṣọ̀n wọn láti òwúrọ̀ títí di òru, ẹ kò ní rí ìpolówó ọtí kan ṣoṣo. Òfin kò gbà á.

Nígbà kan, òfin wọn fàyè gba ìpolówó rọ́ọ̀mù àti ọtí líle tí wọ́n fi wáìnì ṣe, ṣùgbọ́n ó dínà mọ́ wisikí, tí wọ́n ń fi ọkà ṣe, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń ti òkè òkun wá. Ní 1980, ilé ẹjọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù sọ fún Faransé pé ojúsàájú ni. Ìdájọ́ yẹn tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ẹ̀dọ̀ ènìyàn kò mọ ọtí ilé yàtọ̀ sí ọtí àjèjì. Ní 1987, wọ́n ṣòfin pé ìpolówó ọtí kò gbọdọ̀ sí lórí tẹlifíṣọ̀n mọ́. Nígbà tó di oṣù kìíní 1991, òfin tó tún le jù ú lọ jáde, tí wọ́n ń fi orúkọ Claude Évin, mínísítà ètò ìlera, pè. Òfin Évin kan sìgá, ó kan ọtí, ó sì lé ìpolówó ọtí kúrò ní sinimá pẹ̀lú. Bíà ni o, wáìnì ni o, ohun mímu tí ọtí inú rẹ̀ bá ti ju 1.2 nínú ìdá 100 lọ, òfin náà mú un.

Ẹ má ṣe rò pé wọ́n fòfin de ọtí mímu. Ọtí wà lọ́jà, ìwé ìròyìn àgbàlagbà sì lè polówó rẹ̀. Rédíò náà lè polówó rẹ̀ láti aago méjìlá òru títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, àyàfi ní Ọjọ́rú, tí wọ́n gbọ́dọ̀ dákẹ́ ní aago méje àárọ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ Ọjọ́rú? Nígbà tí wọ́n ṣe òfin yìí, ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọ iléèwé máa ń sinmi nílé. Ẹni tó ro irú èrò bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ọmọ.

Apá tí mo gbóríyìn fún jù ni ibi tí òfin ti ka ohun tí ìpolówó lè sọ: bí ọtí náà ṣe le tó, ibi tó ti wá, ohun tí wọ́n fi ṣe é, ẹni tó ṣe é, bí wọ́n ṣe ń mu ún, àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kò sí níbẹ̀ pé ọtí yóò sọ yín di akọni. Ìkìlọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ pé àmujù ọtí léwu fún ìlera.

Bọ́ọ̀lù ló dán òfin náà wò jù. Ní oṣù kejìlá 1996, Newcastle ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba Metz ti Faransé lálejò. Àwọn pátákó etí pápá ń yí láti ìpolówó kan sí òmíràn, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá fún ìkọ̀ọ̀kan. Nítorí pé àwọn ará Faransé yóò wo eré náà, wọ́n ṣe é kí ti Bacardi, ilé iṣẹ́ ọlọ́tí kan, má lò ju ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì lọ. Ilé iṣẹ́ náà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Nínú ẹjọ́ mìíràn lórí òfin yìí ní 2004, ilé ẹjọ́ Yúróòpù dá Faransé láre: ìlera ará ìlú tó ìdí láti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọlọ́tí wá ń dọ́gbọ́n. Ní ìdíje Yúróòpù ti 2016, tó wáyé ní Faransé, Carlsberg kò kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó. «Probably» ló kọ, ọ̀rọ̀ tí gbogbo ẹni tó ti gbọ́ ìpolówó bíà náà mọ̀. Ọgbọ́n àrékérekè ni lójú tèmi. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò gbọ́ ìpolówó náà rí kò lè rí bíà kankan nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ibẹ̀ sì ni mo ti gbà pé òfin náà ń ṣiṣẹ́.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni fóònù. Láti 2009, òfin ti fàyè gba ìpolówó ọtí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àyàfi níbi tí wọ́n dìídì ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ tàbí fún eré ìdárayá. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í sì í jókòó ti tẹlifíṣọ̀n mọ́. Fóònù ni wọ́n ń wò, àwọn ọlọ́tí sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.