Má Tún Sọ Pé O Kò Ríṣẹ́ Ni

Jókòó síbí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ tí o sọ lánàá lójú àwọn àlejò tó wá láti Odò-Ọwá dùn mí wọ egungun. Wọ́n bi ọ́ pé kí ló gbé ọ dé ìdí iṣẹ́ tíṣà, o rẹ́rìn-ín, o ní, "Mi ò ríṣẹ́ míì ni, mà." Àbí mo parọ́ mọ́ ọ? Ìwọ tó jẹ́ pé láti kékeré, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá ń ta ayò, ìwọ lo máa ń dá wọn dúró láti ṣàlàyé ibi tí ọmọ ayò yóò já sí! Ta lò ń tàn?

Mo mọ ibi tí irú èsì yẹn ti ń wá. Ní Iloffa níbí, tí ọmọ bá ti mọ ìṣirò, dókítà la ó máa pè é kó tó dé fọ́ọ̀mù kẹta, tàbí ẹnjiníà. Ọjọ́ tó bá gba fọ́ọ̀mù kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Ìlọrin, àwọn ará ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ìyẹn lẹ̀yin ọ̀dọ́ ṣe ń fi ẹ̀rín bo iṣẹ́ yín mọ́lẹ̀. Ó ń bí mi nínú. Iṣẹ́ yìí ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹnikẹ́ni tí mo bá tọ́ dàgbà kò sì gbọdọ̀ máa tijú nítorí ṣọ́ọ̀kì.

Ó dáa, jẹ́ kí n bi ọ́. Ṣé o mọ Grace Alele-Williams? Ọmọ Warri ni, 1932 ni wọ́n bí i. Nígbà tó parí ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, Queen's School ní Ẹdẹ ló gbà lọ, ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìṣirò láti 1954 títí di 1957. Ẹni tó bá níwèé ẹ̀rí yunifásítì lọ́wọ́ láyé ìgbà yẹn, obìnrin pàápàá, kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé iṣẹ́ ló wọ́n ọn. Ó wá lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Chicago ní 1963, òun lobìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbà á. Kí ló sì gbájú mọ́ láti ìgbà náà? Bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ọ̀rọ̀ kílààsì kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi í ṣe ọ̀gá àgbà Yunifásítì Benin ní 1985, kò tí ì sí obìnrin tó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ rí ní Nàìjíríà. Adégòkè Olubummo ńkọ́, ọmọ Orin-Èkìtì, kò jìnnà sí wa níbí? Ó gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1955, ó sì padà wálé wá kọ́ni ní Ìbàdàn. Irú àwọn èèyàn wọ̀nyí lo fẹ́ kó mọ́ àwọn tí kò ríṣẹ́?

Mo gbà pé ọ̀nà tí kálukú gbà wọlé yàtọ̀. Ẹlòmíì, àgùnbánirọ̀ ni, wọ́n kàn gbé e jù sí ìlú tí kò mọ̀ rí, ó sì dúró. Ní tèmi, tíṣà kan ló fà á. Ará Gánà ni, wọ́n pọ̀ gan-an nílé ẹ̀kọ́ wa nígbà yẹn. Tí o bá gba ìṣirò kan, kò ní yìn ọ́. Á ní, "Wá síwájú, wá sọ bí o ṣe débẹ̀." Ìgbà mìíràn ọmọ á sọ ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ kò rò sí, á wá fi ṣọ́ọ̀kì náà lé ọmọ lọ́wọ́, á lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàrin wa. Ọmọ tí àgbàlagbà bá jókòó gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò lè gbàgbé láé. Oṣù kìíní 1983, ìjọba ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé máa lọ, ọ̀pọ̀ tíṣà Gánà sì lọ pẹ̀lú wọn. Àwa tí wọ́n kọ́ la gba ṣọ́ọ̀kì náà.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí o mọ̀. Obìnrin Australia kan, Helen Verran, bá wọn kọ́ àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Ifẹ̀ lẹ́yìn 1980. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 2001 bí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà ṣe kọ́ àwọn ọmọ ní bí a ṣe ń wọn gígùn. Rúlà gígùn kò tó kárí wọn. Ó gé páálí pẹlẹbẹ, gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10. Àwọn ọmọ fi okùn wọn ẹnì kejì wọn láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí, wọ́n wé okùn náà mọ́ páálí, wọ́n ka iye ìgbà tó na páálí já, wọ́n sọ ọ́ di mẹ́wàá-mẹ́wàá, wọ́n fi ìyókù kún un. Ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ kò sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Verran kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ti yé àwọn ọmọ náà kedere, ọ̀rọ̀ náà sì gbà á lọ́kàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó ń fa èèyàn síbi iṣẹ́ yìí gan-an nìyẹn: kí o mọ nǹkan, kí o wá máa wá ọ̀nà tí yóò fi wọ orí ọmọ tó jókòó níwájú rẹ, pẹ̀lú ohun tó wà nílẹ̀.

Ìwọ náà sì ní in. Ṣé o rò pé mi ò rí ọ ni? Ọjọ́ tí mo gbé oúnjẹ wá bá ọ nílé ẹ̀kọ́, mo dúró lẹ́bàá fèrèsé. Ẹ ò ní láàbù, o wá bu omi zobo sínú ife mẹ́ta. O fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ọ̀kan, ó pọ́n ròrò. O da omi eérú sí ìkejì, ó di àwọ̀ ewé. O bu omi lásán sí ìkẹta. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn gun orí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Àǹtí, tí a bá fún ọsàn sínú ti eérú yẹn ńkọ́?" O ní kó wá fún un fúnra rẹ̀. Bó ṣe ń fún un ni àwọ̀ ewé náà ń yí padà, ó tún pọ́n, kílààsì sì hó yèè. Ojú rẹ ni mò ń wò, mi ò wo ife. Aago ti lù, o ò gbọ́. Èsì tó yẹ kí o fún àwọn àlejò nìyẹn!

Owó kéré, mi ò ní bò ó fún ọ. Wọ́n ṣòfin ìjọba àpapọ̀ ní 2022 pé kí tíṣà lè ṣiṣẹ́ dé ọmọ ọdún 65 dípò 60, ó dáa, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kọ́ la ń mú lọ sọ́jà. Síbẹ̀, ayé ń wá olùkọ́: UNESCO ti ní ilẹ̀ Áfíríkà ìsàlẹ̀ Sàhárà nílò olùkọ́ mílíọ̀nù 15 sí i kó tó di 2030. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an ń wá yín: láti oṣù kejì 2023 ni wọ́n ti ń fún àwọn olùkọ́ tó gboyè ní Nàìjíríà láyè láti gba ìwé ẹ̀rí tiwọn, àwọn tó ń kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè sì ni. Tó bá wù ọ́ láti lọ lọ́jọ́ kan, èmi ni n ó kọ́kọ́ gbàdúrà fún ọ. Ṣùgbọ́n lọ bí olùkọ́.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n bi ọ́: PGDE, ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni tí mo ní kí o lọ gbà, ńkọ́? Ìṣirò lo kà, o ò ka bí a ṣe ń kọ́ni, TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, kò sì ní gbà ọ́ wọlé láìsí i. Ọdún tó kọjá lo ti ń sọ pé o fẹ́ lọ. Owó fọ́ọ̀mù wà nínú àpò ìwé lórí tábìlì yẹn, má dá a padà fún mi. Ọjọ́ Ajé, wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin. Tó bá di Sátidé, kí o kó àwọn ọmọ SS2 tí àljébírà ń dà láàmú wá síbí, àti ọmọ orí bẹ́ǹṣì yẹn. Èmi á se ẹ̀wà, ìwọ ni kí o wá ṣọ́ọ̀kì.