Ìlànà Ọ̀rọ̀-Ìṣe àti Arọ́pò-Orúkọ Èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú Ìsọ̀rọ̀ Yorùbá Ojoojúmọ́

Ìfáárà

Kò sí èdè tí kì í yá ọ̀rọ̀ lò. Láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Yorùbá ti rí tábìlì, táyà àti búrẹ́dì. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti gba ìró ohùn, wọ́n ti gba fáwẹ́lì sí ìparí, wọn kò sì yí gírámà èdè náà padà. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó ń ka iye ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ lè máa wá ewu síbi tí kò sí. Ibi tí ó yẹ kí ó tẹjú mọ́ ni ọ̀rọ̀-ìṣe àti ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. Àwọn méjèèjì ni iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò.

1. Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ òfin Yorùbá

Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀-ìṣe máa ń yí ìrísí padà láti fi àsìkò hàn. Ti Yorùbá kì í yí padà. Àwọn wúnrẹ̀n bí ń, ti, máa àti yóò ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí ọmọ Yorùbá bá mú ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì wọ inú gbólóhùn rẹ̀, òfin Yorùbá ni ó sábà máa ń borí:

(1) a. Wọ́n ti travel.
    b. Wọ́n ń travel lọ́la.
    c. Wọ́n máa travel.

Ọ̀rọ̀ àlejò ti bọ́ àmì àsìkò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó wọlé. Títí dé ibí, ọ̀rọ̀ nìkan ni àjèjì. Gírámà ṣì jẹ́ ti onílé.

2. Ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là àti àbọ̀ rẹ̀

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nígbà tí ó bá kan ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là, ìyẹn ọ̀rọ̀-ìṣe tí àbọ̀ rẹ̀ máa ń bọ́ sí àárín. Awóbùlúyì (1978) wà lára àwọn onímọ̀ tí ó ṣàlàyé irú rẹ̀. Ẹ fi àwọn gbólóhùn wọ̀nyí wé ara wọn:

(2) a. Ó ba ìwé náà jẹ́.
    b. Ó bà á jẹ́.
(3) a. Ó spoil ìwé náà.
    b. Ó spoil ẹ̀.

Nínú (2b), arọ́pò-orúkọ ẹni kẹta ẹyọ ní ipò àbọ̀ gba fáwẹ́lì ọ̀rọ̀-ìṣe. Ohùn rẹ̀ náà ní òfin: ohùn àárín ni ó máa ń gbà lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn òkè (rí i, gbé e), ohùn òkè lẹ́yìn àwọn yòókù (jẹ ẹ́, bà á jẹ́). Nínú (3b), kò sí èyíkéyìí nínú èyí. Ẹ̀, tí í ṣe ìgékúrú rẹ̀, ni ó wà níbẹ̀. Irú èyí ni Yorùbá máa ń lò lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ju sílébù kan lọ, bí i: Ó gbàgbé rẹ̀.

Bákan náà ni dá a lóhùn ń di answer ẹ̀, tí ràn án lọ́wọ́ ń di help ẹ̀, tí rán an létí ń di remind ẹ̀, tí yí i padà sì ń di change ẹ̀. Ọmọ tí ó jẹ́ pé irú èyí nìkan ni ó ń gbọ́ nílé kò pàdánù ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó pàdánù ọ̀nà tí ọ̀rọ̀-ìṣe fi ń là, ó pàdánù òfin fáwẹ́lì àti ohùn, ó sì pàdánù ohùn, ọwọ́ àti etí tí ó wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà. Èyí lè wà lára ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ "Mo rí" níbi tí ó yẹ kí ó kọ "Mo rí i".

3. Arọ́pò-orúkọ àti ọ̀wọ̀

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń bá ọmọdé àti àgbà sọ̀rọ̀ lójúkojú. Yorùbá ya o àti ẹ sọ́tọ̀. Ní ti ẹni kẹta, Gẹ̀ẹ́sì ya akọ, abo àti ohun aláìlẹ́mìí sọ́tọ̀. Yorùbá ń lo ó fún gbogbo wọn, ó sì ń fi wọ́n bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi máa ń lo arọ́pò-orúkọ ọkùnrin fún ìyá rẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe àìfiyèsí. Ìdí kan náà ni ó ń mú ọmọ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì tọ́ sọ (4a) àti (5a):

(4) a. Dádì, ṣé o ti jẹun?
    b. Dádì, ṣé ẹ ti jẹun?
(5) a. Màmá àgbà ti dé. Ó wà nínú yàrá.
    b. Màmá àgbà ti dé. Wọ́n wà nínú yàrá.

Òótọ́ ni pé àwọn ẹ̀ka-èdè kan ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá kì í lo ọ̀pọ̀ fún ọ̀wọ̀ bí Yorùbá àjùmọ̀lò ṣe ń lò ó. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń lò ó, bí ìwọ̀sí ni (4a) ṣe ń dún létí àgbà. Bí wọ́n bá sọ fún ọmọ náà pé kò lẹ́kọ̀ọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣàlàyé fún un, ó lè pinnu pé Gẹ̀ẹ́sì ni òun yóò máa fi dáhùn. Bí èdè ṣe ń kú nínú ilé nìyẹn, láìsí ẹni tí ó pa á.

4. Gẹ̀ẹ́sì nínú aṣọ Yorùbá

(6) a. Olè náà jẹ́ mímú láti ọwọ́ àwọn ọlọ́pàá.
    b. Àwọn ọlọ́pàá mú olè náà.
    d. Ọwọ́ àwọn ọlọ́pàá tẹ olè náà.

Kò sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan nínú (6a), síbẹ̀ ìhun Gẹ̀ẹ́sì ni. Bí a kò bá mọ olùṣe, wọ́n ti tó: Wọ́n ti mú olè náà. Ẹni tí ó ń ka ọ̀rọ̀ àyálò nìkan yóò fún (6a) ní máàkì kíkún.

5. Iṣẹ́ fún kíláàsì

(i) Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún tí wọ́n ń lò nílé, kí ó wá èyí tí Yorùbá ní, kí ó sì lò ó pẹ̀lú ọ̀rọ̀-orúkọ, lẹ́yìn náà pẹ̀lú arọ́pò-orúkọ.
(ii) Kí ó bi ẹgbẹ́ rẹ̀, bàbá rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìbéèrè kan náà.
(iii) Kí ó tún gbólóhùn bí (6a) hun ní ìlànà Yorùbá.

Ìkádìí

Ọ̀rọ̀ àyálò kì í ba èdè jẹ́ bí ó bá tẹ̀lé òfin ilé. Ewu wà níbi tí òfin ilé bá ti di àìlò. Kí olùkọ́ tó fi igi fa iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ọ̀rọ̀ ni ó ṣàjèjì tàbí ìhun. Ìhun ni kí ó kọ́ ọ.