Férémù Igi fún Ìtàkùn Ẹ̀yìnkùlé: Ẹ Ṣe, Ẹ Má Ṣe

Ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ gbìn kí ẹ tó gbé ayùn. Èyí ló ṣe kókó jù, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò. Iṣu àti awùjẹ ń fi ara wọn lọ́ mọ́ igi. Ọ̀pá gbọọrọ kan tó wọn. Ugu kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tín-ín-rín tó ń yọ lára rẹ̀ ló fi ń di nǹkan mú, ọwọ́ náà kò sì lè ká igi tó nípọn. Bí ẹ bá gbé kìkì pákó fún un, ilẹ̀ ló máa fà. Okùn ló fẹ́, tàbí ọparun tí a là tẹ́ẹ́rẹ́.

Ẹ ra pákó 2 × 2 méjì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, kí ẹ gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí 8 àti 4. Àwọn 8 ni òpó, àwọn 4 ni ìdábùú. Ìdábùú ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀.

Ẹ má ṣe ra igi nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Àràbà fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n oúnjẹ ikán ni. Ẹ béèrè àjákù apá tàbí ìrókò lọ́wọ́ àwọn onípákó.

Ẹ má ṣe fi ọ́ìlì àlòkù tí mẹkáníìkì dà sílẹ̀ kun òpó, ẹ jọ̀ọ́. Májèlé inú rẹ̀ á wọ ilẹ̀ tí ewé ọbẹ̀ yín wà.

Ẹ lu ẹnu ìṣó kó kú díẹ̀ kí ẹ tó kàn án sí etí pákó. Ìṣó tó mú ṣóńṣó máa ń là á.

Ẹ wọn férémù láti igun dé igun, lọ́nà méjèèjì. Bí ìwọ̀n bá dọ́gba, kò wọ́.

Ẹ ri òpó wọlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2 kí ẹ tó gbin ohunkóhun, kí ẹ má baà gé gbòǹgbò. Ẹ fi òkúta há ìdí rẹ̀ dáadáa. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò le, ugu tó bá sì ti bo férémù á gba atẹ́gùn bí agbòjò.

Ẹ má ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹ fi àyè tí ọwọ́ lè gbà já ewé ẹ̀yìn sílẹ̀.

Ẹ má ṣe fi ẹ̀ka àgúnmániyè tútù ṣe òpó, àyàfi tí ẹ bá fẹ́ igi tó ń hù. Àwọn àgbẹ̀ kan a máa mọ̀ọ́mọ̀ rì í fún iṣu, nítorí pé ó ń ta gbòǹgbò, kì í sì í jẹrà bí òkú igi. Ṣùgbọ́n wọ́n ń gé ẹ̀ka rẹ̀ déédéé, torí òjìji rẹ̀ kì í jẹ́ kí iṣu rí oòrùn.