Àmì Tí Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀

Nínú Paratext, ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ olùtumọ̀ Bíbélì ń lò, \nd ni ó máa ń ṣáájú orúkọ Ọlọ́run, \nd* a sì tẹ̀lé e. A kì í túmọ̀ wọn; nípa wọn ni ẹ̀rọ fi ń mọ irú lẹ́tà tí yóò fi tẹ orúkọ náà. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ará, Gẹ̀ẹ́sì lè dárúkọ ẹni tí ó ni ilé ṣáájú ilé. Àwa a wí pé: ilé \nd OLÚWA\nd*. Bí àmì kò bá bá orúkọ lọ sẹ́yìn, ilé ni a ó bu ọlá fún! Bí a bá gbàgbé \nd*, àyẹ̀wò ẹ̀rọ yóò fi hàn. Bí ó bá yí ọ̀rọ̀ mìíràn ká, ojú òǹkàwé ni yóò rí i.