Àáró kì í ṣe ọ̀wẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń jiyàn pé kò sí olóore kan tí kò ní ohun tó ń wá. Ẹ ò parọ́. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún yín pé olóore kò gbọdọ̀ jẹ nínú oore rẹ̀? Àwọn baba wa kò ka wíwá ire ara ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá lóun ó dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò.

Ẹ wo iṣẹ́ oko. Àwọn ọ̀dọ́ kan á kó ara wọn jọ dá àáró. Lónìí, gbogbo wọn á kọ ebè lóko rẹ. Lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á kọjá sóko ẹlòmíràn, títí á fi kárí. Ẹni tó bá sá lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe tirẹ̀ tán, kò sẹ́ni tí yóò tún bá a dá àáró mọ́. Gbèsè ni, ó sì ṣojú gbogbo wọn. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé, tàbí tí iṣẹ́ oko àna wà lọ́rùn rẹ̀, á bẹ ọ̀wẹ̀; á gúnyán, á wá ẹmu, àwọn èèyàn á sì tú jáde. Kò sẹ́ni tó ń ka iye ebè tó kọ.

Èsúsú ló wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iye owó kan náà ni oníkálukú ń dá, ẹnì kan á kó gbogbo rẹ̀, á sì máa yí kiri. Samuel Johnson ròyìn rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tirẹ̀ tó jáde ní 1921. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú sọdá òkun gbé e dé Trinidad. Susu ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ dòní. Kò sí èlé nínú rẹ̀. Ẹ wá rò ó: ẹni tó kó ṣáájú ti jẹ ẹ̀yáwó, ẹni tí yóò kó kẹ́yìn ló sì yá a, láìgba kọ́bọ̀ lé e. Bí obìnrin kan lọ́jà bá wá yọ̀ǹda ìgbà tirẹ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀ tí owó iléèwé ọmọ ká mọ́, ṣé torí pé owó rẹ̀ kò sọnù ni a ó ṣe sọ pé kò ṣoore? Èmi ò gbà.

Ẹni tó ń ba oore jẹ́ lójú tèmi ni ẹni tó dá àáró, tó pè é ní ọ̀wẹ̀. Á sanwó iléèwé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á ní, “Má yọ ara rẹ lẹ́nu, ṣebí ọmọ mi ni ọ́.” Ọmọ ríṣẹ́ tán, ìwé gbèsè jáde: kó kọ́lé fún òun, kó fẹ́ ìyàwó tí òun yàn, kó dákẹ́ níbi tí òun bá ti ń sọ̀rọ̀. (Ẹ mọ irú wọn, wọ́n wà nínú ẹbí gbogbo.) Kì í ṣe ire ara rẹ̀ tó ń wá ló burú. Ó fi pamọ́ ni, ẹni tó jẹ gbèsè kò sì mọ ìgbà tó jẹ ẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kó padà, ẹ sọ ọ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Iye tí ọkàn yín kò bá lè gbàgbé, ẹ má pè é lẹ́bùn. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́ ràn lọ́wọ́, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì béèrè: “Ẹ ṣeun, sà. Ṣé mo máa dá a padà ni?” Ojú lè tì yín díẹ̀. Ẹ béèrè bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ìyá yín wà níbẹ̀ tó gbọ́ èsì.